Abéèrè Kì í Ṣìnà: Ìwé Atọ́nà àti Ojú Àlejò

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní abéèrè kì í ṣìnà, ẹni tí kò béèrè ni í pọ́n ara rẹ̀ lójú. Bóyá ni a lè rí olùkọ́ kan tí kò tíì fi òwe yìí gba akẹ́kọ̀ọ́ níyànjú rí. Ṣùgbọ́n ní nǹkan bí 180 ọdún sẹ́yìn, ọkùnrin kan wà ní ilẹ̀ Jámánì tí ó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe iṣẹ́ tí ó dà bí ẹni pé ó lòdì sí òwe náà. Karl Baedeker ni orúkọ rẹ̀. Ìwé ni ó ń tà, ìwé ni ó sì ń tẹ̀, ní ìlú Koblenz tí ó wà létí odò Rhine. Ohun tí ó ní lọ́kàn ni kí arìnrìn-àjò lè dá dúró fúnra rẹ̀: kí ó má ṣẹ̀ṣẹ̀ máa béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ amọ̀nà, kí ó má máa bá onílé ìtura yọ owó yàrá, kí ó má sì máa bi ọmọ onílùú ní ìtumọ̀ ohun tí ó ń wò. Kí ó ṣí ìwé, kí ó kà á, kí ó máa bá tirẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ dé nìyẹn. Nínú òwe àti ìwé, èwo ni ó jàre? Ìdáhùn rẹ̀ kò yá bí ènìyàn ti lè rò, nítorí pé ibi tí òwe ti ṣiṣẹ́ wà, ibi tí ó ti lè pa ẹni tí ó gbà á gbọ́ sì wà pẹ̀lú.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ ya ìwé atọ́nà sọ́tọ̀ kúrò lára ìwé ìrìn-àjò, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa dà wọ́n pọ̀. Ẹni tí ó kọ ìwé ìrìn-àjò ti lọ, ó sì ti bọ̀; ohun tí ojú rẹ̀ rí ni ó ń rò. Ẹni tí ó kọ ìwé atọ́nà ń bá ẹni tí kò tíì lọ sọ̀rọ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ gírámà bá ka méjèèjì, kò ní pẹ́ tí yóò fi rí ìyàtọ̀ náà lára ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ: ‘mo’ ni ó kún inú ti àkọ́kọ́, ‘ẹ’ ni ó kún inú ti ìkejì. Ẹ yà sí apá ọ̀tún. Ẹ má sun ibẹ̀ mọ́jú. Ẹ bọ́ bàtà kí ẹ tó wọlé. Ìbéèrè tí ó yẹ kí òǹkàwé máa bi irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni pé, ta ni ‘ẹ’ yìí? Ta ni òǹkọ̀wé ní lọ́kàn nígbà tí ó ń kọ ọ́, ta sì ni kò rántí rárá?

Irú ìwé yìí kì í ṣe ti àná. Ní ọ̀rúndún kejì lẹ́yìn ìbí Jésù, ará Gíríìsì kan tí ń jẹ́ Pausanias kọ ìwé mẹ́wàá lórí ilẹ̀ rẹ̀, láti ìlú dé ìlú, láti ojúbọ dé ojúbọ. Àwọn ará Róòmù ni ó ń ṣe àkóso ilẹ̀ náà nígbà yẹn, ó sì hàn gbangba pé ohun tí àwọn baba ńlá Gíríìsì kọ́ ni ọkàn Pausanias fà sí ju ohun tí àwọn ọ̀gá tuntun kọ́ lọ. Òun kò sá fún ìbéèrè. Bí ó bá dé ìlú, àwọn tí ó mọ ìtàn ibẹ̀ ni ó ń wá lọ. Ohun tí wọ́n bá sọ, a kọ ọ́. Bí ohun tí àwọn ará ìlú kejì sọ bá ta kò ó, a kọ ìyẹn náà. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, a sọ ọ́ gbangba pé òun kò gba ohun tí wọ́n wí gbọ́. Ìwé náà sì pẹ́ láyé. Ní 1876, nígbà tí Heinrich Schliemann, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ń wá ibojì àwọn ọba àtijọ́ ní Mycenae, ohun tí Pausanias kọ nípa àwọn ibojì inú odi ìlú ni ó tẹ̀ lé. Ibẹ̀ ni ó gbẹ́, ibẹ̀ ni ó sì ti hú wúrà jáde. (Àwọn ibojì náà ti wà ṣáájú ọba tí Schliemann rò pé ó ni wọ́n, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bi ìwé.) Ẹni tí ó béèrè lọ́wọ́ onílé ni ó fi ọ̀nà han ẹni tí ó dé lẹ́yìn ọdún tí ó ju 1,600 lọ.

Baedeker kò rí bẹ́ẹ̀, àkókò tirẹ̀ sì ni ó fà á. Ṣáájú ìgbà rẹ̀, ọmọ ọlọ́rọ̀ ni ó ń rìnrìn-àjò afẹ́ ní ilẹ̀ Yúróòpù, pẹ̀lú olùkọ́ rẹ̀ àti ìránṣẹ́ rẹ̀, tí yóò sì lo ọdún kan tàbí méjì lẹ́yìn odi. Ọkọ̀ ojú irin dé, nǹkan yí padà. Ní 1841, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Thomas Cook kó nǹkan bí 500 ènìyàn láti Leicester lọ sí Loughborough fún ṣílè kan lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Láti ìgbà náà lọ, akọ̀wé, tíṣà, àti oníṣòwò kékeré tí ó ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì péré bẹ̀rẹ̀ sí í rìnrìn-àjò afẹ́. Wọn kò ní olùkọ́ tí yóò bá wọn lọ, wọn kò gbọ́ èdè ibi tí wọ́n ń lọ, owó wọn kò sì pọ̀ tó èyí tí amọ̀nà alárékérekè lè máa rẹ́ jẹ. John Murray ní Lọ́ńdọ̀nù ti gbé ìwé atọ́nà tirẹ̀ jáde ní 1836 fún irú wọn, Baedeker kò sì fi pamọ́ pé òun kọ́ ọgbọ́n lára Murray. Pupa ni èèpo ẹ̀yìn ìwé àwọn méjèèjì wá ń jẹ́.

Ohun tí Baedeker fi ta àwọn yòókù yọ ni pé kò gba ohun kan gbọ́ àyàfi bí ó bá fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ìtàn kan wà tí wọ́n máa ń sọ nípa rẹ̀, pé ẹnì kan rí i níbi tí ó ti ń gun àtẹ̀gùn ilé ìsìn ńlá ìlú Milan. Bí ó bá ti gun ogún àtẹ̀gùn, a yọ hóró ẹ̀wà kan láti inú àpò wẹ́sìkóòtì rẹ̀, a sì jù ú sínú àpò ṣòkòtò. Nígbà tí ó dé òkè, ó ka ẹ̀wà. Nígbà tí ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó tún un ṣe kí iye rẹ̀ má baà yẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi olùkọ́ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ṣe àpèjúwe, kí ó fi ọkùnrin yìí ṣe é.

Ṣùgbọ́n òun kan náà ni ó sọ àṣà fífi àmì ìràwọ̀ sí iwájú ohun tí ó yẹ ní wíwò di gbajúmọ̀. Bí ìràwọ̀ bá kan wà, kí ẹ lọ wò ó. Bí ó bá di méjì, ẹ kò gbọdọ̀ má wò ó. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ àlejò ti ń wo ìràwọ̀ dípò ilé. Nínú ìtàn àròsọ kan tí E. M. Forster, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ̀ jáde ní 1908, ọmọdébìnrin kan bá ara rẹ̀ nínú ilé ìsìn kan ní Florence láìní Baedeker lọ́wọ́, kò sì mọ èyí tí ó yẹ kí ẹnu yà á sí nínú gbogbo ohun tí ó wà níwájú rẹ̀. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ tipẹ́ pé àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni pé ìgbà kan ń bọ̀ tí àlejò yóò ra ojú ẹlòmíràn ní ilé ìtàwé.

Ojú tí a rà yìí lè di ohun mìíràn. Ní oṣù kẹta 1942, àwọn ọmọ ogun òfuurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ju bọ́ǹbù sí Lübeck, ìlú àtijọ́ kan ní Jámánì, wọ́n sì jó apá ńlá nínú rẹ̀. Jámánì fẹ́ gbẹ̀san. Láti oṣù kẹrin ọdún náà ni wọ́n ti kọjú sí Exeter, Bath, Norwich, York àti Canterbury, àwọn ìlú tí kò fi bẹ́ẹ̀ ní ilé iṣẹ́ ogun, ṣùgbọ́n tí ilé àtijọ́ wọn lókìkí. Òṣìṣẹ́ ìjọba kan ní Berlin ni ó tú àṣírí, tí ó ní gbogbo ilé tí Baedeker bá ti fi ìràwọ̀ mẹ́ta sí ni àwọn yóò wó. Ó ṣi ìràwọ̀ kà, nítorí pé méjì ni Baedeker kì í kọjá. Àwọn ènìyàn tí ó kú nínú ìkọlù wọ̀nyí lé ní 1,600, orúkọ Baedeker ni wọ́n sì fi ń pe ìkọlù náà títí di òní. Ọkùnrin tí ó ń ka àtẹ̀gùn ti kú láti 1859. Ní 1944 ẹ̀wẹ̀, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà fẹ́ gúnlẹ̀ sí ilẹ̀ Faransé, ìwé atọ́nà Michelin ti 1939 ni ìjọba wọn tún tẹ̀ fún wọn, nítorí pé àwòrán ìgboro inú rẹ̀ péye, àwọn ará Jámánì sì ti yọ àmì ojú ọ̀nà dànù ní ọ̀pọ̀ ibi.

Gbogbo ‘ẹ’ tí a ti ń bá bọ̀ láti òkè wá, ẹni tí ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ fún ni. Murray, Baedeker, Michelin, kò sí èyí tí ó rò ó pé òǹkàwé òun lè dé ẹnu ọ̀nà ilé ìtura pẹ̀lú owó lọ́wọ́, kí wọ́n sì lé e. Ní Amẹ́ríkà, nígbà kan náà tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ń di ohun tí òṣìṣẹ́ lè rà, àwọn aláwọ̀ dúdú wà tí wọ́n ní ọkọ̀, tí wọ́n ní owó, tí wọ́n sì ní ìsinmi. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ra ọkọ̀ náà nítorí kí wọ́n lè bọ́ lọ́wọ́ ìtìjú inú ọkọ̀ ojú irin àti bọ́ọ̀sì, níbi tí òfin ti yà wọ́n sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ a máa fẹ́ epo, ènìyàn a máa fẹ́ oúnjẹ, oorun a sì máa kun ènìyàn. Ibì kan wà tí wọn yóò ta epo fún wọn ṣùgbọ́n tí wọn kò ní jẹ́ kí wọ́n lo ilé ìyàgbẹ́. Ibòmíràn wà tí wọn kò ní ta omi mímu fún ọmọ wọn. Ìlú wà, kì í sì í ṣe ìlú kan tàbí méjì, tí oòrùn kò gbọdọ̀ wọ̀ bá aláwọ̀ dúdú nínú rẹ̀. Ẹlòmíràn ti rí àkọlé tí ó sọ bẹ́ẹ̀ ní ẹnu ààlà. Nítorí èyí, ìdílé tí ó bá fẹ́ lọ kí ìyá àgbà ní ìhà gúúsù a dì oúnjẹ ọ̀nà, a dì aṣọ ìbora tí wọn yóò fi sùn nínú ọkọ̀, a gbé epo mìíràn sẹ́yìn, a sì gbé agolo tí ọmọdé yóò máa tọ̀ sí. Àwọn ọkùnrin kan a máa fi fìlà awakọ̀ sínú ọkọ̀, kí ọlọ́pàá lè rò pé ọ̀gá wọn òyìnbó ni ó ni ín.

Kí ni òwe wa fẹ́ ṣe fún irú ènìyàn bẹ́ẹ̀? Ní ọ̀nà wọ̀nyẹn, ìbéèrè gan-an ni ewu. Ẹni tí ó bá kan ilẹ̀kùn tí kò yẹ ní alẹ́, tí ó ní ‘Ẹ jọ̀wọ́, ǹjẹ́ ẹ ní yàrá?’, èébú ni yóò kọ́kọ́ gbà, ìyẹn bí ó bá ṣe orí ire. Abéèrè ṣìnà níbẹ̀, ẹlòmíràn sì kú.

Victor Hugo Green ni ó wá nǹkan ṣe sí i. Lẹ́tà ni ó ń pín káàkiri ní Hackensack, ní ìpínlẹ̀ New Jersey, Harlem ní New York ni ó sì ń gbé. Ní 1936 ó tẹ ìwé kékeré kan jáde fún àwọn awakọ̀ aláwọ̀ dúdú, orúkọ ara rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pè é: Green Book. Àyíká New York ni ó kọ́kọ́ dá lé. Kò pẹ́ tí ó fi kárí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀. Àwọn ibùdó epo Esso wà lára ibi tí a ti lè rí i rà. Ogun Àgbáyé Kejì dá a dúró fún ọdún mélòó kan, lẹ́yìn náà ni ó tún bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tí ó bá ṣí ìwé náà láti wá ẹwà èdè kò ní rí i. Orúkọ ìpínlẹ̀, orúkọ ìlú, orúkọ ilé, nọ́ńbà ojú òpópónà: èyí ni ó kún inú rẹ̀. Ilé ìtura, ilé oúnjẹ, onígbàjámọ̀, ilé onídìrí, aránṣọ, alátùn-únṣe ọkọ̀. Kì í ṣe ibi tí ó dára jù ni òǹkàwé rẹ̀ ń wá. Ibi tí wọn yóò ti gbà á wọlé ni. Ní ọ̀pọ̀ ìlú kékeré, kò sí ilé ìtura kan ṣoṣo tí yóò gba aláwọ̀ dúdú, nítorí náà ilé àdáni ni ìwé náà ń tọ́ka sí: obìnrin kan tí ó ní yàrá tí kò sí ẹni tí ó ń lò ó, tí ó sì ṣetán láti gba àlejò. Ohun kékeré kan wà níbẹ̀ tí ó yẹ kí olùkọ́ èdè ṣe àkíyèsí. Ní ìhà gúúsù Amẹ́ríkà nígbà náà, àwọn òyìnbó kì í fi oyè ọ̀wọ̀ tí a fi ń pe ìyàwó ilé pe obìnrin aláwọ̀ dúdú. Orúkọ àbísọ lásán ni wọn yóò pè é, ìbáà jẹ́ arúgbó tí ó ti ní ọmọ-ọmọ. Nínú ìwé Green, ‘Mrs.’ ni wọ́n kọ síwájú orúkọ àwọn obìnrin wọ̀nyí, láti ojú ewé dé ojú ewé. Yorùbá tí ó mọ ìyàtọ̀ láàárín ‘ìwọ’ àti ‘ẹ̀yin’ kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí.

Báwo wá ni ọkùnrin kan ní Harlem ṣe mọ ilé opó kan ní ìlú tí ó jìnnà tó ẹgbẹ̀rún máìlì? Ó béèrè ni. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ wà káàkiri, wọ́n sì mọ ilé onílé. Àwọn òǹkàwé pàápàá kọ lẹ́tà sí i láti sọ ibi tí wọ́n sùn àti bí wọ́n ṣe gbà wọ́n. Ibi tí òwe àti ìwé ti pàdé nìyí. Ìwé atọ́nà tí ó bá yè kooro kò pa ìbéèrè run. Ìbéèrè tí àwọn ènìyàn ti lọ bi sílẹ̀ de arìnrìn-àjò ni, kí ẹni tí ó dá nìkan wà lójú ọ̀nà ní òru má baà ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bi í.

Kì í ṣe àwọn ọmọ Amẹ́ríkà nìkan ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà gba òmìnira, àwọn aṣojú wọn ní láti máa rin ọ̀nà láàárín New York àti Washington. Ní 1961, aṣojú orílẹ̀-èdè Chad dúró ní ilé oúnjẹ kan lójú ọ̀nà kan ní Maryland, wọn kò sì tà fún un. Ìròyìn náà dé etí ààrẹ Kennedy, ó sì dójú ti ìjọba rẹ̀ níwájú gbogbo ayé. Ní 1964 ni òfin wá dé tí ó ní kò gbọdọ̀ sí ilé ìtura tàbí ilé oúnjẹ tí yóò lé ènìyàn nítorí àwọ̀ rẹ̀. Green ti kú ní 1960. Òun fúnra rẹ̀ ti kọ ọ́ nínú ìwé náà pé ìrètí òun ni pé ọjọ́ kan yóò dé tí ẹnikẹ́ni kò ní nílò irú rẹ̀ mọ́. Bóyá ni ẹlòmíràn tún wà nínú àwọn òǹtẹ̀wé atọ́nà tí ó fi tọkàntọkàn gbàdúrà kí ọjà òun kú. Àtẹ̀jáde ti 1966 sí 1967 ni ìkẹyìn. Ilé ìtura Lorraine ní Memphis, tí ó wà nínú ìwé náà, ni wọ́n ti yìnbọn pa Martin Luther King ní ọjọ́ 4 oṣù kẹrin, 1968.

Bí a bá wá fi ìbéèrè kan náà, ta ni wọ́n bi léèrè, wo àwọn ìwé tí ó sọ̀rọ̀ nípa ilẹ̀ Yorùbá, a óò rí ohun tí ó yani lẹ́nu. Ní ayé àtijọ́, ènìyàn ni ìwé atọ́nà wa. Àlejò tí ó bá dé, oníbodè ni yóò kọ́kọ́ bi í níbi tí ó ti ń bọ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò wá onílé tí yóò gbà á, onílé ni yóò mú un lọ kí baálẹ̀ tàbí ọba, òun ni yóò sì sọ èèwọ̀ ìlú fún un. Bí àlejò bá ṣẹ̀, onílé rẹ̀ ni wọn yóò pè. Ìwé kì í jẹ́ ẹjọ́ irú èyí, ohun kan tí ó sì yẹ kí á máa rántí nípa ìwé nìyẹn.

Hugh Clapperton gba Badagry wọ ilẹ̀ Yorùbá ní ìparí 1825, ó sì dé Ọ̀yọ́ Ilé ní oṣù kìn-ín-ní 1826. Ìwé rẹ̀ jáde ní 1829 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Àwọn tí ó tẹ̀ lé ipasẹ̀ rẹ̀ kà á bí ìwé atọ́nà. Katunga ni orúkọ tí ó pe olú ìlú náà, Katunga ni ó sì wà lórí àwòrán ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Orúkọ tí àwọn Haúsá ń pe Ọ̀yọ́ Ilé ni. Clapperton kò purọ́. Ohun tí àwọn tí ó ń bá a túmọ̀ sọ ni ó kọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbé àwòrán náà dání, tí ó bi àgbẹ̀ kan ní Ìbàràpá ní ọ̀nà Katunga, ó ṣeé ṣe kí àgbẹ̀ náà dá a lóhùn pé òun kò gbọ́ irú ìlú bẹ́ẹ̀ rí, kí àwọn méjèèjì sì jàre.

Orúkọ ìlú ni ó ń jìyà jù nínú ìwé atọ́nà títí di òní. Wọ́n á kọ ‘Ila’ láìsí àmì ohùn. Ìlú Ọ̀ràngún ni àbí ilá tí a fi ń jẹ ọkà? Àbí ìlà ojú ni? Wọ́n á kọ ‘Owo’, àlejò á sì pè é bí ẹni ń pe owó, níwájú àwọn ọmọ Ọlọ́wọ̀ tí wọ́n mọ̀ pé ọ̀wọ̀ ni ó wà nínú orúkọ ìlú àwọn. Àwọn ojú ewé tí wọ́n máa ń fi kọ́ àlejò ní èdè ìbílẹ̀ lẹ́yìn ìwé a sì tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àlejò fẹ́ wọ ọkọ̀. Ìwé kò fi àmì sí i. Ó dúró ní gáréèjì, ó ní ọkọ ni òun ń wá. Ẹ̀rín ni ìyẹn. Èyí tí kì í ṣe ẹ̀rín ni ti ìwé tí ó kọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan pé ‘Kí ni orúkọ rẹ?’ ni a fi ń béèrè orúkọ, tí òun náà sì sọ ọ́ sí àgbàlagbà onírùngbọ̀n funfun ní ọ̀ọ̀dẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó kọ́ ọ kò bi ẹnikẹ́ni pé ta ni a ń sọ ọ́ fún.

Ọ̀rọ̀ ọjà náà ńkọ́? Ìwé á ní ọjọ́ Sátidé ni ọjà ìlú báyìí, nítorí pé Sátidé ni òǹkọ̀wé kọjá níbẹ̀. Bí ọjà náà bá jẹ́ èyí tí a ń ná ní ọjọ́ márùn-ún márùn-ún, gẹ́gẹ́ bí Yorùbá ti ń ka ọjọ́, Sátidé tí ó ń bọ̀ kò ní bá a. Àwòrán ilẹ̀ inú fóònù tí gbogbo ènìyàn ń gbé kiri lóde òní kò yọ nínú àṣìṣe yìí. Ó mọ títì, kò mọ ọjọ́ ọjà.

Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo lókìkí kárí ayé láti 2005 tí àjọ UNESCO ti fi í kún àwọn ohun àjogúnbá àgbáyé. Igbó náà tó hẹ́kítà 75. Nínú ìwé tí kò bá ní ju ojú ewé kan lọ fún Òṣogbo, Susanne Wenger ni yóò kọ́kọ́ jáde, ọmọ ilẹ̀ Austria tí ó dé Nàìjíríà ní 1950, tí ó sì kú sí Òṣogbo ní 2009. Iṣẹ́ tí obìnrin náà ṣe kì í ṣe kékeré, ẹni tí ó bá sẹ́ ẹ kò mọ oore. Ṣùgbọ́n Adébísí Àkànjí ńkọ́, tí ó fi símẹ́ńtì mọ ọ̀pọ̀ ohun tí àlejò ń yà ní fọ́tò? Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí ńkọ́, tí ó ń gbẹ́ òkúta, àti Kàsálì Àkàngbé tí ó ń gbẹ́ igi? Ó tún ku ohun kan. Kí igbó náà tó di ibi ìwòran ni ó ti jẹ́ ojúbọ. Àwọn tí ó ń bọ Ọ̀ṣun níbẹ̀ kò dẹ́kun rẹ̀ nítorí pé àlejò dé. Ìwé tí ó bá sọ iye owó ìwọlé, tí kò sọ ibi tí àjèjì kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ tẹ̀, kò tíì tọ́ni sọ́nà.

Kò ṣàì sí àwọn tí ó ṣe dáadáa. Ní 1959, Ulli Beier tẹ ìwé kan jáde lábẹ́ ìwé ìròyìn Nigeria Magazine lórí àwọn ọdún ìbílẹ̀ inú ìlú Ẹdẹ. Ìlú kan ṣoṣo ni, àwọn ọdún inú ọdún kan ni, ó sì fara balẹ̀ tẹ̀ lé wọn. Irú iṣẹ́ yẹn kò kọjá agbára kíláàsì kan ní kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni, pàápàá bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá jẹ́ ọmọ ìlú náà. Àwọn ni onílé. Ẹni tí wọ́n fẹ́ bi léèrè kò jìnnà: ìyálọ́jà mọ ọjọ́ ọjà, awakọ̀ mọ ọ̀nà tí òjò ń gé, àwọn àwòrò mọ ibi tí a kì í wọ̀ àti ìgbà tí a kì í wọ̀ ọ́, baálé ilé mọ ohun tí a fi ń kí ẹni tí ó wà lórí iṣẹ́ àti ẹni tí ó ti ọ̀nà bọ̀. Agboolé méjì yóò sọ ìtàn ìtẹ̀dó kan náà ní ọ̀nà méjì. Kí wọ́n kọ méjèèjì bí Pausanias ti ṣe, kí wọ́n sì dárúkọ agboolé tí ó sọ èwo. Kí wọ́n ka àtẹ̀gùn òkè fúnra wọn, ní gígùn àti ní sísọ̀. Kí wọ́n fi àmì ohùn sí gbogbo orúkọ. Green a máa bẹ àwọn òǹkàwé rẹ̀ pé kí wọ́n kọ̀wé sí òun bí wọ́n bá bá ilé kan tí ó ti kógbá sílé tàbí ilé tuntun tí ó ń gba àlejò. Nítorí náà, kí wọ́n fi ojú ewé méjì tàbí mẹ́ta sílẹ̀ ní òfìfo lẹ́yìn ìwé náà, pẹ̀lú àdírẹ́sì kọ́lẹ́ẹ̀jì nísàlẹ̀ rẹ̀.